Ẹ Kò Wo Ìsàlẹ̀: Madiabel, Amúkùn-ún àti Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Ìwé La Grève des bàttu tí Aminata Sow Fall, ọmọ bíbí Saint-Louis ní ilẹ̀ Senegal, kọ kì í ṣe ìwé tuntun. Ọdún 1979 ni ó jáde ní Dakar. Ọdún 1980 ni wọ́n fún un ní Grand prix littéraire d'Afrique noire. Nígbà tó di ọdún 2000, Cheick Oumar Sissoko láti ilẹ̀ Mali fi ṣe fíìmù. Àwọn olùkọ́ wa ti kà á kí àwa tó kà á, àwa náà sì ti ń kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní Parakou láti ọdún mélòó kan wá. A ní àkọsílẹ̀ lórí rẹ̀ tó ti gbó lọ́wọ́ wa: ìgbéraga àwọn aláṣẹ, ìgbàgbọ́ nínú àwọn aláfàá, ipò obìnrin nínú ilé olórogún. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà. Ọmọ ilé ìwé kan ni ó là wá lójú sí i.

Ọ̀pá méjì ni ọmọ náà fi ń rìn. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Ibà mú un nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n gbé e lọ sí ibùdó ìlera kan, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì rọ. Àwọn oníṣègùn mọ ohun tó ń fa irú rẹ̀: iṣan ńlá kan gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá sì ṣèèṣì bá a, pàápàá lára ọmọdé tí kò lẹ́ran lára, ẹsẹ̀ náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kì í sọ ìtàn yìí. Ìyá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún wa.

Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, a bi kíláàsì ní ìbéèrè tí gbogbo olùkọ́ máa ń bi: kí ló fà á tí ipò tí Mour Ndiaye ń wá kò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́? Wọ́n dáhùn bí a ti kọ́ wọn. Ọmọ náà wá nawọ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ta ló pa Madiabel?” A ní ọkọ̀ ni. Ó ní, “Ọkọ̀ gbá a lóòótọ́, Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ó kú sí.” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí a kò ní èsì. Láti ọdún tí a ti ń kọ́ni ní ìwé náà, a kò dúró lórí ojú ewé yẹn rí.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: Mour Ndiaye ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó ní olú-ìlú kan. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ ní kí ó kó àwọn alágbe kúrò ní òpópónà, nítorí wọ́n ń ba ojú ìlú jẹ́, wọ́n sì ń lé àwọn àlejò tó wá gbafẹ́ sá. Kéba Dabo, igbákejì rẹ̀, ni ó ń fi ìtara ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ń lé wọn, wọ́n ń nà wọ́n, wọ́n ń kó wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n sì ń padà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú àwọn alágbe. Wọ́n kóra jọ sọ́dọ̀ Salla Niang, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní jáde mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sàráà, kí ó wá àwọn wá. Ní àkókò náà gan-an ni Mour ń wá ipò igbákejì ààrẹ. Aláfàá sọ fún un pé kí ó pa màlúù, kí ó sì pín ẹran rẹ̀ fún àwọn alágbe káàkiri ìlú. Àwọn alágbe kọ̀ láti padà sí òpópónà. Ẹni tó lé wọn wá ń bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ipò náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìyípadà yìí ni àwọn tó ń kọ nǹkan lórí ìwé náà máa ń yìn, ó sì yẹ ní yíyìn. Sow Fall fi hàn wá pé ọwọ́ tó ń fúnni kò lè dá dúró láìsí ọwọ́ tó ń gbà. Ní Parakou, a mọ èyí láìka ìwé kankan. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Cotonou ní kùtùkùtù, tí wọ́n ní kí ó fi àkàrà àti ṣúgà ṣe sàráà kó tó lọ, mọ bí àyà ti máa ń já nígbà tí kò bá rí afọ́jú kankan ní iwájú mọ́sálásí. Kì í ṣe ebi afọ́jú náà ni ó ń dùn ún. Ìrìn-àjò tirẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Madiabel. Ibi tó ti ń sá fún àwọn tó ń lé wọn ni ọkọ̀ ti gbá a. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò lówó lọ́wọ́, ìtọ́jú kò sì sí fún ẹni tí kò lówó, ó kú. Ìwé náà kò pẹ́ níbẹ̀. Ikú rẹ̀ di ọ̀kan nínú ohun tó mú inú bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìtàn sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí ìyanṣẹ́lódì wọn wá dá lé. Kò dá lé ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, kò dá lé owó oògùn. Ohun ìjà kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni kí wọ́n má gba ọrẹ, nítorí náà ohun tí wọ́n lè fi borí kò kọjá ọ̀rọ̀ ọrẹ. Mour pàdánù, inú wa sì dùn. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá tún gbá ẹlòmíràn nínú wọn ní ọjọ́ kejì, ibi tí Madiabel kú sí ni òun náà yóò kú sí. Ẹni tí a ń pè ní olùborí ní òpin ìwé ṣì jẹ́ ẹni tí dókítà kò ní fọwọ́ kàn.

A kò sọ èyí láti bu òǹkọ̀wé náà kù. Òun rí ohun náà, ó sì kọ ọ́. Àwa tí ń kà á ni a kò rí i. Ọ̀nà tó gbà kọ ọ́ sì bá ti àkókò rẹ̀ mu. Nínú eré Madmen and Specialists ti Wole Soyinka, tó jáde ní ìwé ní ọdún 1971 lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà, alágbe mẹ́rin ni ó wà, afọ́jú nínú wọn, arọ nínú wọn. Dókítà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Bero, ẹni tó ti fi iṣẹ́ ìwòsàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Iṣẹ́ ìṣọ́ àti amí ni ó ń lo àwọn mẹ́rin náà fún. Dókítà àti abirùn jọ wà lórí ìtàgé kan, ọ̀rọ̀ ìwòsàn kò sì sí láàárín wọn. Nínú lítíréṣọ̀ àkókò yẹn, abirùn ti di alágbe kí ó tó di ènìyàn.

Èdè tiwa ńkọ́? Ìwé ìròyìn elédè méjì ni èyí, ìṣòro náà sì wà nínú méjèèjì. Faransé ti ń wá ọ̀rọ̀ kiri tipẹ́: infirme, invalide, handicapé, personne handicapée, personne en situation de handicap. Bí ọ̀kan bá ti dọ̀tí, wọn a bọ́ ọ sílẹ̀ bí aṣọ, wọn a wọ òmíràn. Yorùbá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abirùn ni ó wọ́pọ̀ jù, ẹni tó ní àrùn. Bẹ́ẹ̀ afọ́jú tí ara rẹ̀ le kò ní àrùn kankan. Aláàbọ̀ ara sọ odidi ènìyàn di ìlàjì. Akàndá ni àwọn akọ̀ròyìn ní Nàìjíríà fẹ́ràn báyìí, ó sì bá òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 mu, èyí tó pè wọ́n ní ènìyàn ọ̀tọ̀ nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, a kò jiyàn. Síbẹ̀ ó ń kọ wá lóminú. Ẹni tí a bá pè ní ọ̀tọ̀, ibi ọ̀tọ̀ ni a ó máa tò ó sí. Abirùn ni a ń lò nínú àròkọ yìí, nítorí pé kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. A mọ àbùkù rẹ̀.

Gbòǹgbò akàndá ti pẹ́ ju òfin Èkó lọ. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn Ọbàtálá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn, tó mu ẹmu nígbà tí òùngbẹ gbẹ ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró gbọn-in mọ́. Láti ìgbà náà, afín, abuké àti arọ di ẹni òrìṣà, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a ti sábà ń sọ ọ́, ìtàn náà dà bí àlàyé lórí ohun tó fa àbùkù. A rò pé a kì í kà á dé òpin. Nínú rẹ̀, ẹni tí a mọ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹni tó mọ ọ́ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Òrìṣà náà sì gbà bẹ́ẹ̀: ó sọ wọ́n di tirẹ̀, ó sì fi ẹmu ṣe èèwọ̀, débi pé àwọn tó ń bọ ọ́ kò gbọdọ̀ mu ún títí dòní. Kò ju owó fún arọ kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwà ara rẹ̀ ni ó yí padà. Gbèsè ni ìtàn náà ń sọ, àwa ni a sọ ọ́ di àánú.

Nínú àwọn òwe, àwọn kan wà tí a kò lè gbèjà. “Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ”: ẹni tó pa òwe yìí sọ òtítọ́ nípa àwa tí ń wòran, ṣùgbọ́n kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ẹni tí a ń wò. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ti amúkùn-ún. Wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.” Ó ní, “Òkè lẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀.” Àwọn olóṣèlú ń pa á, àwọn oníwàásù ń pa á, àwa olùkọ́ ń pa á fún ọmọ tó gba òdo nínú ìṣirò. Gbogbo wa ń pa á nípa nǹkan mìíràn. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pa á nípa amúkùn-ún.

Bí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn kékeré, ohun tó wà nínú rẹ̀ yani lẹ́nu. Ọkùnrin náà kò jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, kò na igbá sí ẹnikẹ́ni. Ẹrù wà lórí rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó rí i kò bá a sọ ọ́, wọn kò bá a gbé e. Àléébù ni wọ́n rí sọ. Òun náà kò sì dákẹ́, kò bẹ̀bẹ̀, kò dúpẹ́ pé wọ́n kíyè sí òun. Ó sọ fún wọn pé wọn kò mọ̀ ọ́n wò. Madiabel kò rí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lò ní ilé ìwòsàn.

Síbẹ̀ a ní ohun kan láti fi kún un. Àwọn tó ń pa òwe yìí gbà pé ẹsẹ̀ amúkùn-ún ni ìsàlẹ̀ tó ń wí. Ṣé ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ parí sí? Lábẹ́ ẹsẹ̀ ni ilẹ̀ wà. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, ẹrù amúkùn-ún lè wọ́ díẹ̀ kó sì dé ọjà. Bí ọ̀nà bá jẹ́ gegele, ẹrù ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gún pàápàá yóò wọ́. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2006, dúró lórí èrò yìí gan-an: ohun tó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ kò sí nínú ara rẹ̀ nìkan, ó wà níbi tí ara náà ti pàdé ìdènà tí àwọn ènìyàn gbé kalẹ̀. Abala 25 rẹ̀ dá lórí ìlera. Ó béèrè pé kí ìtọ́jú abirùn má yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn ní iye owó àti ní dídára, kí ó wà nítòsí ibi tí wọ́n ń gbé, kí a sì gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu abirùn fúnra rẹ̀ kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí i pátápátá ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2012.

A kì í ṣe amòfin, ṣùgbọ́n òfin pẹ̀lú jẹ́ ìwé, a sì lè kà á bí a ti ń ka ìwé. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ohun méjì tí kò jọra. Ní abala 8, ó ní ìjọba yóò rí i dájú pé ọwọ́ gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè tó ìlera ní dọ́gbadọ́gba, pẹ̀lú ẹ̀kọ́, àṣà àti iṣẹ́. Ní abala 26, nígbà tó dé orí abirùn àti arúgbó, ọ̀rọ̀-ìṣe náà yí padà: ìjọba yóò máa ṣọ́ wọn. Veiller sur ni Faransé pè é. A ń ṣọ́ ewúrẹ́, a ń ṣọ́ ilé, a ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni Faransé ti mú veillée, àìsùn òkú. Ẹni tí a ń ṣọ́ kì í sọ̀rọ̀. Dájúdájú àwọn tó kọ òfin náà kò ní èrò ibi, ṣùgbọ́n nínú abala 8, abirùn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè bí gbogbo wa. Nígbà tó fi máa dé abala 26, ó ti di ẹni tí a fi síkàáwọ́ ẹlòmíràn. Ọdún 27 ni ó gbà kí òfin tó yan orúkọ mìíràn. Òfin n° 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 gbé ọ̀rọ̀ náà droits, ẹ̀tọ́, sí inú àkọlé rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ kan yẹn tóbi. Ó kúrò ní ohun tí Mour Ndiaye ń ṣe pẹ̀lú màlúù rẹ̀, ó dé ohun tí Madiabel ì bá béèrè.

Kí ni ìsàlẹ̀ ní ilé ìwòsàn? Àwọn kan hàn kedere, a kò ní pẹ́ lórí wọn: àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gbà kọjá, ibùsùn ìgbẹ̀bí tó ga tó àyà, owó zémidjan ní àlọ àti àbọ̀ fún ẹni tí kò lè rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọjà Arzèkè. Ní ìparí ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde tó ní àwọn abirùn tó bílíọ̀nù 1.3, ìyẹn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn inú ayé, àti pé àwọn kan nínú wọn ń kú ní 20 ọdún ṣáájú àwọn tí kì í ṣe abirùn. Ìròyìn náà kò di ẹrù yìí lé ara wọn. Ó tọ́ka sí ipò tí kò tọ́ tí a fi wọ́n sí, èyí tí a lè yí padà.

Èyí tí kò hàn ni a fẹ́ dúró lé. Aládùúgbò wa kan jẹ́ adití. Kò ya odi nínú èdè tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu tiwa lọ. Èdè náà ní ìtàn tó yẹ kí ẹgbẹ́ àṣà bíi tiwa mọ̀. Andrew Foster, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, tí àìsàn sọ di adití ní kékeré, ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Gallaudet ní Washington, ní ọdún 1954. Ó dé Accra ní ọdún 1957, ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1960 ó ti dé Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tó ọgbọ̀n, ní àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó ń sọ Faransé, kí ó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní ọdún 1987. Ọ̀pọ̀ nínú àmì ọwọ́ tí àwọn adití ń lò ní ìhà tiwa yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ wá. Nítorí náà aládùúgbò wa ní èdè. Dókítà náà ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó wà láàárín wọn.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ni ó bá a lọ. Ojú àbúrò ni olùtọ́jú náà ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Kí ló ń ṣe é?” “Ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn?” Ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè yìí nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ojú tì í, ó dáhùn ohun tó wá sí i lẹ́nu. Ìwé oògùn tí wọ́n kọ fún un dá lórí irọ́ ọmọ tí ojú ń tì. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó wa lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ọwọ́ àti ìwé pélébé, pé òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́. A kò rò pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ fẹ́ ṣe é ní ibi. Wọ́n kí i, wọ́n fi í ṣáájú àwọn tó wà lórí ìlà, wọ́n ṣàánú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò bá a sọ̀rọ̀.

A mọ ohun tí àwọn òǹkàwé kan yóò sọ, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní yàrá olùkọ́ ti sọ ọ́ fún wa. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ pé náà ń kú láìrówó. Ẹ jẹ́ kí oògùn kárí gbogbo wa ná kí a tó máa sọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Madiabel kú nítorí òṣì, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ òtòṣì lè kú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gbàgbé ìdí tí abirùn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn òtòṣì. Ẹni tí kò rí ilé ìwé wọ̀ kò ní rí iṣẹ́; ẹni tí kò níṣẹ́ kò ní rí owó oògùn san; àìsàn kékeré tí a kò tọ́jú a sì tún mú nǹkan mìíràn kúrò lára rẹ̀. Àti pé kì í ṣe gbogbo ìdènà ni owó ń tú. Kí olùtọ́jú kọjú sí ẹni tó ń ṣàìsàn dípò ẹni tó mú un wá, ìyẹn kò gba fáráǹkì kan lọ́wọ́ ìjọba.

Senegal, ilẹ̀ tí ìwé náà ti wá, fi òfin n° 2010-15 ti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2010 dá káàdì kan sílẹ̀ fún àwọn abirùn, carte d'égalité des chances, èyí tí wọ́n lè fi rí ìtọ́jú gbà. Ọdún 31 lẹ́yìn tí ìwé náà jáde ni. Ní Nàìjíríà, òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Káàdì kò ní sọ ìwà olùtọ́jú di rere, a mọ̀. Àmọ́ ẹ fojú inú wo Madiabel pẹ̀lú káàdì yẹn nínú àpò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà ì bá yàtọ̀: Salla Niang ì bá ní ẹjọ́ láti rò, yàtọ̀ sí ọrẹ láti kọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ń retí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé ní Yorùbá àti ní Faransé níhìn-ín, ìwé tí amúkùn-ún kò ti ní jẹ́ òwe fún ẹlòmíràn, tí yóò wọ ilé ìwòsàn, yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yóò jókòó dúró de ìgbà tí yóò kàn án, kí òǹkàwé sì jókòó tì í.

Ọmọ tó bi wá ní ìbéèrè ti kọ àròkọ olójú ewé mẹ́rin lórí Madiabel. Ó dára ju èyí tí ẹ ń kà yìí lọ ní ibi púpọ̀, pàápàá níbi tó ti ṣàpèjúwe bí ilẹ̀ gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn ti máa ń yọ̀ lábẹ́ ọ̀pá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù ún. A pè é kí ó wá kà á fún ẹgbẹ́ wa ní ìjókòó oṣù tó ń bọ̀. Ó dúpẹ́, ó wá béèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni?” Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. A lọ ka àtẹ̀gùn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì: 22, kò sì sí ibi ìdìmú. Ọdún kẹfà rèé tí a ti ń pàdé níbẹ̀. A ti kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ pé kí a kó àga wá sí abẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ní ọjọ́ náà. Títí di ìgbà tí a fi ń kọ èyí, wọn kò tíì dá wa lóhùn.